Mo Sọ fún Un Pé A Wà Pẹ̀lú Rẹ̀

Aṣọ rírán ni ìyàwó mi fi ṣe iṣẹ́ jẹun títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ní àṣà kan tí àwọn oníbàárà máa ń bá a jiyàn lé lórí. Bí ó bá gé aṣọ, kì í gé e mọ́ ara. Ó máa ń fi èyí tí ó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ nínú ojú rírán, lọ́tùn-ún àti lósì, yóò ṣẹ́ ẹ mọ́ inú, yóò fi òwú gbé e mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ síta.

“Mọ́mì, ó ti ki jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ o,” oníbàárà á wí. “Ẹ ò ṣe gé gbogbo eléyìí dànù?”

“Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Ṣebí o ti ṣègbéyàwó? Ikùn ń bọ̀, ìdí ń bọ̀. Ìwọ náà lo máa gbé e padà wá, tí wàá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí ní Mọ́mì.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì máa ń gbé e padà wá lóòótọ́. Nígbà náà ni yóò mú abẹ rẹ̀, tí yóò gbé àga síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí yóò máa tú òwú náà díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ fa aṣọ ya láé. “Ẹ jẹ́ ká tú u wò” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún aṣọ, ó sì ń sọ ọ́ fún ìpinnu èyíkéyìí tí kò bá bá wa lára mu mọ́: ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi ọmọ sí, ilẹ̀ tí a kọ̀ láti rà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká tú u wò.” Tíṣà ni ó ń pè mí. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Ìpájà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Èmi ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fún irú nǹkan báyẹn. Mo ní àtúnrò, mo ní àtúnyẹ̀wò, mo ní àbámọ̀, mo ní ìrònúpìwàdà. Mo máa ń kọ wọ́n sójú pátákó, tí n ó ní kí àwọn ọmọ fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn. Mo ka ìdáhùn wọn fún un nílé rí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

“Ọ̀rọ̀ yín pọ̀ bí àkísà abẹ́ máṣíìnì mi,” ó ní. “Èwo nínú wọn ló ṣeé wọ̀ jáde?”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn tí ó kú ni mo wá ń wá ìdáhùn sí i.

Ọmọ Mùsùlùmí ni láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ Kírísítẹ́nì ni wọ́n bí èmi sí. A fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí ẹnì kejì yí padà, àdúgbò wa ní Ìgàndò sì mọ̀ pé ní ilé yẹn a ń jẹ ẹran Iléyá, a sì ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó sì bẹ̀ mí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀, tí a jọ jókòó nínú ọgbà tí à ń ṣa ẹ̀wà.

“Bí mo bá lọ, ẹ má gbé mi sínú yìnyín,” ó ní. “Ẹ sin mí lọ́jọ́ náà. Mi ò kì í ṣe ẹja.”

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó kú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ní mọ́sálááṣí ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, mo sì mọ ìgbà tí ó kúrò níbẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Shasha. Kò ì tíì ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ nígbà tí mo pè é, ó sì yà wá tààrà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo àbúrò rẹ̀ títí, ó sì yíjú sí mi.

“Tíṣà, ọwọ́ yín ló wà. Ìgbà wo?”

“Lónìí,” mo ní. “Bí ó ṣe wí.”

Ìpinnu àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ṣòro. Ìkejì ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni, ó sì wà ní Kánádà, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé tí wọ́n kó wọn sí. Àwa kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò, pàápàá ẹni tó dá wà. A kì í fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù kí a gé e. Àgbàlagbà ni à ń rán. Àgbàlagbà náà yóò lọ bá ọmọ nílé, yóò rí i pé ó jókòó, yóò rí i pé ó jẹun, kí ó tó la ẹnu. Ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú wà ní ìlú tí ọmọ wa wà, ẹni tí ó gbà á sílé nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo pe ìyá náà, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò lọ bá a nírọ̀lẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lẹ́ lọ́hùn-ún, a ó ti sin ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé ọmọ náà yóò pè. Kò sì yẹ kí n má rò ó, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń pè. Bó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ tirẹ̀, tí í ṣe ọ̀sán tiwa, yóò pe fóònù mi, èmi yóò sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Àwọn obìnrin ìdílé ìyàwó mi ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi. Fóònù dún nínú àpò mi.

“Ẹ kú ọ̀sán, Dádì.”

“Ọmọ mi. Ṣé o ti jáde?”

“Mo wà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù. Òtútù ò jẹ́ kí n mọ ibi tí etí mi wà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì ńkọ́?”

N kò mọ̀ pé mo ti ní ìdáhùn kankan lẹ́nu títí mo fi gbọ́ ohùn ara mi.

“A wà pẹ̀lú rẹ̀,” mo ní.

Mo gbọ́ ọkọ̀ kan tí ó kọjá lọ́dọ̀ tirẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ bá mi kí wọn, Dádì. Bọ́ọ̀sì mi ti ń bọ̀.”

Lẹ́yìn ìrun Ayílà ni a gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ayọ̀bọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Alaásàrì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní òru tiwa ni ọmọ wa pè. Ìyá àgbà ti sọ fún un. A sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìpè náà. Ó bèèrè ibi tí a sin ín sí. Kò bèèrè ìgbà.

Láti ọjọ́ náà ni ìpè rẹ̀ ti kúrú. “Ẹ kú ọ̀sán, Dádì. Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn? Ó dáa, bọ́ọ̀sì ti dé.” Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bọ́ọ̀sì kankan ò tíì dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkàn mi ń bẹ̀rù. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, Ìpájà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì wá láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn, ní ọjọ́ kejì ìsìnkú. Wọn kò tilẹ̀ jókòó.

“Ṣé olè ni aya rẹ ni, tí ẹ fi yára bò ó mọ́lẹ̀? Èmi ò tíì wé gèlè mi tán tí wọ́n fi ní ẹ ti dé láti itẹ́!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í wé gèlè.”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ọmọkùnrin yìí! Ibo láyé ni wọ́n ti ń sin ìyá ọlọ́mọ láìjẹ́ kí ọmọ rí ojú rẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo! Ká ní o gbé e sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ yẹn ì bá ti dé. Kò ní gbàgbé é fún ọ. Mo ń sọ fún ọ, kò ní gbàgbé é.”

Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ ní ilé àdúrà àwọn, kí n ronú pìwà dà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, “kò ní gbàgbé é” ti jókòó sínú ilé dè mí.

Ẹni tó bá ti dá gbé inú ilé tí ènìyàn méjì ń gbé tẹ́lẹ̀ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè gba gbogbo àga. N kò ṣàníyàn nípa ìpinnu àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ló ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, èmi kàn jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni. Ìkejì ni ó ń jẹ mí. Ọmọ kan bèèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ fi ẹ̀rín ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí à ń gbé ìyá rẹ̀ lọ. Bí ó bá rántí ọjọ́ náà, kí ni yóò máa rò nípa mi?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí.

“Ká ní” ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ká ní mo sọ fún un. Ká ní n kò gbé fóònù náà. Mo wọ̀ ọ́ fún oṣù púpọ̀, mo sì rí i pé onírọ́ ni. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn ni ó máa ń fi hàn ọ́, yóò sì gbá a mọ́ tónítóní, kò ní sí kòtò kankan níbẹ̀, kò ní sí ẹrẹ̀. Kò sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Àbámọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní òun ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, wọ́n sì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé bó bá dé kì í lọ. Àtúnrò sì ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ yípo bí ajá tó ń lé ìrù.

Mo gbìyànjú túúbá. Ọ̀rọ̀ àwọn àna mi ni, láti inú Kéú ló ti wá. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Shasha, níbi tí àwọn alábàárù ti ń ké “àgò, àgò” pẹ̀lú àpò ẹ̀wà lórí, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ túúbá lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun gàrí kúrò lójú.

“Tíṣà, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń túúbá. Kí lẹ ṣẹ̀?”

“N kò mọ̀.”

“Ẹ lọ mọ̀ ọ́n ná, kí ẹ tó wá bẹ̀bẹ̀ fún un. Àbí ẹ fẹ́ san gbèsè tí ẹ ò jẹ? Ṣé owó pọ̀ lọ́wọ́ tíṣà ni?”

Ó bu ẹ̀wà kún láílọ́ọ̀nù fún mi, ó ní kí n lọ sè é, kí n jẹun.

Àtúnyẹ̀wò ló kù. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ni mo kà á sí. Ní ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, bí a bá fẹ́ padà sórí ohun tí a ti fẹnu kò lé lórí, bóyá ọ̀rọ̀ ẹnubodè tàbí ti ọlọ́dẹ, alága kì í gbà kí a ṣe é bí ẹni tó dá a lábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn kò bá sí níjòókòó. “Àwọn tó ni ín dà?” ni yóò bèèrè. Bí ẹnì kan bá ṣàìwá, a ó sún un síwájú. Mo jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n ń jiyàn lórí gọ́tà, mo sì rí i pé láti ọjọ́ yìí wá èmi nìkan ni mò ń ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é? Ọmọ ni. Òun ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo rò pé bí ó bá fẹ́ gbọ́, yóò bèèrè. Bí kò bá bèèrè, ó ní ohun tó mú un.

Ní àsìkò òjò kejì lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ ní Kánádà tó bójú mu tí ó fi lè wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi—ọmọbìnrin, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú—bí ó ti máa ń ṣe ní kékeré láti pa mí lẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbá a mú. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a rọra ń rìn yí ara wa ká nínú ilé bí àlejò méjì. Ó fọ gbogbo ìkòkò. Mo ń fi ọkọ́ la ọ̀nà fún omi òjò tí kò ṣìnà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gáùn àǹkárá kan lọ́wọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ rán fún un nígbà tó ń lọ sókè òkun.

“Dádì, abẹ Mọ́mì dà?”

“Nínú agolo mílíìkì, lókè máṣíìnì. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Kò gbà mí mọ́. Mo fẹ́ tú u wò.”

“Kánádà tọ́jú rẹ.”

“Ẹ ò rí nǹkan, wọ́n tún ń bú ènìyàn nílé bàbá rẹ̀! Òtútù ni, jàre. Ó yẹ kí ẹ rí ohun tí à ń jẹ níbẹ̀.”

Ó jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé àga sí bó bá gbé iṣẹ́ wálé, ó yí inú gáùn náà síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó mọ̀ ọ́n tú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òwú ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró kékeré kan tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà pípẹ́.

“Ẹ wò ó, Dádì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ tó.”

Ó tẹ́ ẹ sórí eékún. Àyè tí ìyá rẹ̀ fi sínú rẹ̀ fẹ̀ ju èyí tí ó máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà lọ. Ara gáùn náà níta ti ṣá, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ojú rírán ṣì dúdú bí ẹ̀lú tuntun, oòrùn kò kàn án rí. Mo wò ó. N kò mọ ohun tí ó tú ahọ́n mi.

“Ọjọ́ tí o pè yẹn,” mo ní. “Tí o ní Mọ́mì ńkọ́. Tí mo ní a wà pẹ̀lú rẹ̀.”

Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n abẹ náà dúró.

“Mo ti ń retí kí ẹ dárúkọ rẹ̀,” ó ní.

“Ìwọ ni mo ń retí pé kí o dárúkọ rẹ̀.”

“Èmi kẹ̀? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi bàbá mi? Ẹ̀yin tí ìyàwó yín kú.”

“Mo rò pé o ń bínú sí mi ni. Pé mo jẹ́ kí o lọ síbi iṣẹ́ láìmọ̀.”

Ó gbé abẹ náà sílẹ̀ lórí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wò mí.

“Dádì, mo mọ̀.”

Mo ní kí ló wí.

“Mo mọ̀, níbi tí mo dúró sí yẹn. Tí mo bá pè, ẹ kì í jẹ́ kí n kí yín tán. Ẹ ti máa ń pariwo, ‘Ìyá ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ ọmọ yín o!’ Kódà nígbà tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa ń pariwo. Ọjọ́ yẹn ẹ ò pe ẹnikẹ́ni. Mo ń gbọ́ omi. Mo sì ń gbọ́ ohùn Bọ̀dá Shasha lẹ́yìn yín. Ìgbà wo ni Bọ̀dá kúrò ní ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà rí?”

“Kí ló dé tí o ò bèèrè?”

“Nítorí ẹ ò mọ irọ́ pa. Tí mo bá ní, ‘Dádì, ṣé Mọ́mì ti lọ ni?’, ẹ máa sọ ọ́. Màá wá gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn, nínú yìnyín, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí.” Ó mú etí gáùn náà, ó ń yí i mọ́ ìka. “Mo fẹ́ kí Mọ́mì ṣẹ́ kù fún mi díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ò sọ ọ́. Mo ní, ó dáa, a ti jọ gbà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọ̀ ọ́.”

“O sì ṣiṣẹ́.”

“Mo wẹ àwọn ìyá arúgbó tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wẹ̀ wọ́n dáadáa lọ́jọ́ yẹn, Dádì. Mi ò kánjú.”

Ìyá ẹlẹ́kọ kan kọjá lójú ọ̀nà, ó kí wa, a dá a lóhùn.

“Nígbà tí Ìyá àgbà dé nírọ̀lẹ́,” ó ní, “wọ́n gbé iyán oníyẹ̀fun àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá. Wọ́n ní kí n jẹun. Mo mọ̀ pé wọn ò ní lè sọ ọ́ tí mi ò bá jẹun, nítorí náà mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́. Mo ní, ‘Mà, mo ti yó. Ẹ lè sọ ọ́.’ Àwọn ni mo tún wá ń bẹ̀ pé kí wọ́n má sunkún mọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

“Kí ló wá dé tí o fi ń sá fún mi lórí fóònù?” mo ní. “Bọ́ọ̀sì dé, bọ́ọ̀sì dé. Bọ́ọ̀sì wo ló ń yá tó bẹ́ẹ̀?”

“Ojú ń tì mí ni. Ọmọ wo ló máa mọ̀ pé ìyá òun ti kú, tó sì máa lọ síbi iṣẹ́? Mò ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan ẹ máa bi mí bóyá mo fura. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ irọ́ pa, èmi náà ò mọ̀ ọ́n pa.”

Mo sọ fún un pé n kò bá a wí. Ó ní òun náà kò bá mi wí. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwọ̀sí pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ti ìsìnkú ńkọ́?” mo bi í. Mo fẹ́ kí a tú gbogbo rẹ̀. “O ò rí ojú rẹ̀.”

“Ìyẹn dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́.” Ó mú abẹ rẹ̀ padà. “Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ kí n wá rí wọn nínú yìnyín ni? Wọ́n sọ fún èmi náà o. Lórí fídíò ni. Wọ́n ní, ‘Sọ fún Tíṣà kí wọ́n má gbàgbé. Mi ò…’”

“‘…kì í ṣe ẹja,’” mo ní.

“Wọ́n tún wá ní, ‘Tí mo bá tiẹ̀ jẹ́ ẹja, ẹja tútù ni màá jẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lódò!’”

Èyí n kò gbọ́ rí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Láàárín gbogbo ohun tí mo ti rò pé mo ti gbọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, òmíràn tún kù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni ọmọ náà jókòó sídìí máṣíìnì ìyá rẹ̀, tí ó sì rán gáùn náà padà. Ó wọ̀ ọ́ jáde sí mi, ó yí po. Ó gbà á. Ibi tí ó ti tú u yọ bí ìlà dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ló máa rí i pé wọ́n ti tún un rán. Mo ní bóyá kí a wá nǹkan fi bò ó. Ó ní òun ò fẹ́.

Gáùn yẹn ló wọ̀ lọ sí Ayọ̀bọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ kò ní òkúta tàbí àmì ńlá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ tí èmi kò fi etí sí. Ibẹ̀ ni a wà tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ti Ìpájà ni. Ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ẹ káàárọ̀ mà… Rárá, a ò sí nílé. A wà lọ́dọ̀ Mọ́mì.” Ó gbọ́ díẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti Dádì… Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ gbàgbé, mà, a ti sọ ọ́… Ó dáa. A ó dúró dè yín.” Ó gbé fóònù náà fún mi. “Wọ́n ní ká má tíì lọ. Wọ́n ń bọ̀.”

Wọ́n wá lóòótọ́, láìwọ bàtà, nínú ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀. Wọ́n wo gáùn náà, wọ́n wo àwọn ìlà dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, “Iṣẹ́ ìyá rẹ nìyí.” Wọ́n gbàdúrà ní ohùn rara láàárín itẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ń wò wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sọ nǹkan kan.

Inú ọkọ̀ kan náà ni a bá padà, ẹ̀gbọ́n mi níwájú, èmi àti ọmọ mi lẹ́yìn. Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Kòtò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bú awakọ̀ ní kòtò kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ní, “Ẹ rọra, mà, ẹ má jí Dádì,” n kò sì mọ ohun mìíràn mọ́ títí a fi dé Ìgàndò.